Ẹ̀rín ìjọ ti ń dùn mọ́ mi jù: ṣé kí n jáwọ́ nínú iṣẹ́ ògbufọ̀?

Télọ̀Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́ (ọjọ́ Ajé, aago 9 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti àná ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́rùn. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ìjọ wa, torí ọ̀rọ̀ wọn ni. Ibi tí wọn ò ti mọ ojú mi ni mo gbé e wá.

Télọ̀ ni mí, aṣọ ọkùnrin ni mò ń rán, ṣọ́ọ̀bù mi wà lọ́nà Arówómọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó mọ̀ mí nígboro kò mọ̀ mí mọ́ aṣọ. Ògbufọ̀ ni wọ́n mọ̀ mí sí. Ìjọ wa kò jìnnà sí yunifásítì LAUTECH, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀ lọ súà, torí náà Gẹ̀ẹ́sì ni pásítọ̀ fi ń wàásù, èmi á sì máa tú u sí Yorùbá fún àwọn ìyá àti bàbá wa. Ọdún kẹrìnlá rèé. Tísà kan ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Ìgbẹ́tì, wọ́n ní kí n bá wọn dì í mú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́: mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá mi àgbà ló tọ́ mi dàgbà, òwe kì í wọ́n lẹ́nu ìyá yẹn, bó ṣe ń ro ọkà lójú iná ni yóò máa pa á. Bí pásítọ̀ bá sọ gbólóhùn kan, kó tó dákẹ́, Yorùbá rẹ̀ ti dé ètè mi, òwe tó bá a mu á sì tẹ̀lé e. Ní bí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ni. Ìgbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ni ojú mi là, mi ò sì mọ̀ bóyá ó là dáadáa. Ìyá opó kan ní, "Bí kì í bá ṣe tìẹ, kí ni mi ò bá máa gbọ́ níbí?" Ẹlòmíràn á fi ẹgbẹ̀rún náírà há mi lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yá mi lọ sí ìsọjí: mo lọ Ìkòyí-Ilé, mo lọ Orílé-Igbọ́n, mo dé Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Máíìkì méjì ni ìjọ wa ní. Ọ̀kan ní wáyà, ìkejì kò ní. Pásítọ̀ ló yẹ kó mú èyí tí kò ní wáyà, torí ó fẹ́ràn kó máa rìn bó bá ń wàásù. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mò ń ṣe: aago méje àárọ̀ ni mo ti máa ń dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí n lè gba èyí tí kò ní wáyà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Èmi náà fẹ́ máa rìn. Pásítọ̀ wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń fa wáyà kiri orí pẹpẹ, kò sọ nǹkan kan.

Mo sì ní ìwé kan, ogójì ewé, tí mò ń kọ òwe sí. Lálẹ́ Sátidé mo máa ń pe pásítọ̀ pé ẹsẹ Bíbélì wo la fẹ́ lò lọ́la. Ó rò pé mo fẹ́ gbàdúrà lé e lórí ni. Òwe tí yóò mi ilé ni mo fẹ́ wá. Ọjọ́ kan ó ń wàásù lórí Lásárù, ó ní, "Jesus wept." Ọ̀rọ̀ méjì. Bó ṣe wà nínú Bíbélì Yorùbá náà nìyẹn, "Jésù sọkún", ọ̀rọ̀ méjì. Èmi fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì tú u. Mo sọ bí omijé ṣe ń bọ́, mo sọ bí àgbàlagbà kì í ti í sunkún lójú agbo, mo pa òwe mẹ́ta. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì dúró dè mí.

Ó wá kù tàná. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni pásítọ̀ ti ní kí ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé àdúgbò Under-G, máa bá mi pín iṣẹ́ náà, kó má baà di pé bí mo bá rìnrìn-àjò, iṣẹ́ dúró. Mo ní kò burú. Lẹ́nu ni o. Àná ló kàn án. Mátíù orí 11 la kà. Pásítọ̀ ní, "My yoke is easy." Ọmọ náà ti ń gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ "yoke", ọkàn rẹ̀ lọ sí "yolk". Ó ní, "Pupa ẹyin mi rọrùn."

Ìjọ ò tíì rẹ́rìn-ín o. Àwọn díẹ̀ tó fura kàn ń wo ara wọn. Ìjókòó iwájú ni mo wà, mi ò mú máíìkì kankan dání, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohùn télọ̀ tó ti fi ogún ọdún sọ̀rọ̀ borí ariwo máṣíìnì. Mo kígbe, "Àjàgà ni!" Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀, à bá ní ìrànlọ́wọ́ ni. Mo tún fi kún un pé, "Ẹ̀yin ará, a ò wá ra ẹyin o!"

Ẹ̀rín bẹ́. Wọ́n rín in débi pé àwọn kan ń lu àga. Ọmọ náà rọra gbé máíìkì lé orí tábìlì tí òdòdó wà, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́ akọrin jáde. Pásítọ̀ fi ọwọ́ pè mí, mo bọ́ síbẹ̀, mo tú ìyókù. Mo sì tú u dáadáa. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, pé ohùn mi ò gbọ̀n rárá.

Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ó ń ro ọkà, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ gbádùn ẹ̀rín yẹn." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò lè jẹ ọkà náà tán.

Ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ pátápátá ni, ẹ̀yin ará? Bí mo bá sì dúró, kí ni ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún ní irú ẹ̀bùn báyìí ń ṣe sí ọkàn yín, tí ìyìn kò fi ń gùn yín?

Onígbàgbọ́Pọ́ńbélé (ọjọ́ Ajé, aago 9 kọjá)

Ẹ̀mí ìgbéraga ni. Ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbẹrẹfu, kí ẹ dè é mọ́lẹ̀. Ọlọ́run á ṣe é.

Ìyá Áltò, Òkèlérin (ọjọ́ Ajé, aago 10 alẹ́)

Ẹni tó ní kó gbààwẹ̀, o ò ṣẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ kọ́ ni yóò gbé e dé Under-G.

Télọ̀, ọmọ mi, kú ìnira ọkàn. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, láti kékeré ni mo sì ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, nítorí náà ibi tí o wà yìí, mo ti sùn níbẹ̀ rí, mo sì mọ bí ẹní ibẹ̀ ṣe rí. Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Ní ọjọ́ ìkórè kan, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò dìde, èmi ni mo sì ń dá orin. Mo gbóhùn sókè láìsí ẹ̀rọ, wọ́n gbọ́ mi dé ìta gbangba. Odidi ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Mo bá a jẹ, mo bá a mu. Nígbà tí ìkórè ọdún kejì dé, olùdarí wa gbé orin náà fún ọmọdébìnrin kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ikọ́ ń ṣe mí. Irọ́ ni! Ikọ́ kankan ò ṣe mí. Mo jókòó sílé, ilé wa ò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Mò ń retí kí ọmọ náà já orin jù sílẹ̀. Kò já a. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó tiẹ̀ gbé e lọ sókè níbi tí èmi ti máa ń sá fún. Ìyẹn ló dùn mí. Àṣé bí wọ́n bá yin Olúwa dáadáa láìsí mi níbẹ̀, ó lè dùn mí! Ẹ̀rù ara mi bà mí lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọkàn rẹ, má wo bó ṣe ń ṣe ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún ọ. Gbogbo ẹni tó bá láyà ni àtẹ́wọ́ ń dùn mọ́. Wo bó ṣe ń ṣe ọ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá ṣe é tó sì dára.

Ṣé kí o fi sílẹ̀? Rárá o. Bí o bá fi sílẹ̀ lọ́la, wọ́n á máa bẹ̀ ọ́, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà," ìyẹn náà á tún dùn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ka Kíróníkà Kìíní orí 25. Àwọn akọrin tí Dáfídì yàn, àwọn ọmọ Asafu, Jedutuni àti Hemani, 288 ni wọ́n, ìpín mẹ́rìnlélógún, ènìyàn méjìlá-méjìlá. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ẹni tí yóò ṣáájú? Wọ́n ṣẹ́ kèké. Bíbélì ní bákan náà ni wọ́n ṣe fún kékeré àti àgbà, fún olùkọ́ àti ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Láti ìgbà tí mo ti di olórí nínú ẹgbẹ́ wa, a ti ń kọ orúkọ sínú bébà, a ń kó o sínú igbá, ọmọ tó kéré jù ló ń mú un. Ẹni tí orin bá bọ́ sí lọ́wọ́ ló ń dá a. Ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ọdún mẹ́ta.

Kí n tó sùn: nínú Mátíù orí 11 yẹn, o ṣe ẹsẹ 30 ní yẹ̀yẹ́. Ka ẹsẹ 29.

DùrùLọ́jọ́Ìsinmi (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ ẹ̀gbọ́n.

Mo ka ẹsẹ 29 fún ara mi, mo sì pariwo lórí bẹ́ẹ̀dì. "Nítorí onínú tútù àti onírẹ̀lẹ̀ ọkàn ni èmi." Ẹ̀gbọ́n, níbẹ̀ gan-an lẹ ti ṣe é! Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín.

Mà, ọ̀rọ̀ kèké yìí, mi ò fara mọ́ ọn tán. Ní ìjọ wa, bí a bá ṣẹ́ kèké, yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tí mo mọ̀, tí ohùn rẹ̀ àti ti dùrù kì í pàdé rí. Ṣé ká jókòó máa wò ó nítorí ìrẹ̀lẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mò ń tẹ kíbọọ̀dù ní ìjọ kan nítòsí Sábó. Àìsàn yín ló ń ṣe mí, àmọ́ tèmi gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Bí wọ́n bá yìn mí, mo máa ń sọ pé, "Áà, kì í ṣe èmi o, Jésù ni." Títí ọjọ́ kan tí ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Bí o bá sọ báyẹn tán, o máa ń dákẹ́ díẹ̀. Kí lo ń dúró dè?" Mo ronú sí i. Àṣé mò ń dúró kí wọ́n tún yìn mí lẹ́ẹ̀kejì, pé "wo bó ṣe ní ìrẹ̀lẹ̀ tó." Láti ìgbà náà, "ẹ ṣeun" ni mò ń sọ, mo sì ń ká wáyà mi lọ. Mo tún ti jáwọ́ nínú wíwo fídíò ìsìn lórí Facebook. Tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti ya ìka mi ni mo máa ń wò, á tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn, ẹ gbọ́ ti Johann Sebastian Bach, ará Jámánì, aṣẹ́dùrù ṣọ́ọ̀ṣì tó kú ní 1750. Ní ìparí ọ̀pọ̀ orin tó kọ fún ìjọ, á kọ lẹ́tà mẹ́ta, SDG, ní èdè Látìn: ti Ọlọ́run nìkan ni ògo. Gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n níbẹ̀rẹ̀, kó tó kọ orin rárá, ó máa ń kọ JJ: Jésù, ràn mí lọ́wọ́. JJ yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó ti ṣe é tán, tó mọ̀ pé ó dùn, kò ṣòro fún un láti ní ti Ọlọ́run ni. Ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá yóò ṣeé ṣe ló ń bẹ̀bẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì má rò pé áńgẹ́lì ni Bach. Ní 1705, ọmọ ogún ọdún ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Arnstadt, ó bú akẹ́kọ̀ọ́ kan nítorí bó ṣe ń fun fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin. Ọmọ náà lúgọ dè é lálẹ́ pẹ̀lú igi. Bach fa idà yọ! Àwọn èèyàn ló là wọ́n. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúpẹ́ pé sístà Under-G yẹn kò gbé igi.

Ìyá Áltò, Òkèlérin (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8 àárọ̀)

Aṣẹ́dùrù, o ò ka ẹsẹ 7 kí o tó fo lọ sí 8. Gbogbo àwọn 288 yẹn ni a ti kọ́ ní orin Olúwa, gbogbo wọn ló mòye. Wọ́n kọ́ wọn tán ni wọ́n tó ṣẹ́ kèké. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò pàdé dùrù, ẹ kọ́ ọ ná. Ṣé o ti kọ́ ọ rí, àbí o kàn ń fi imú ṣe é?

Bàbá Àlùfáà Àgbà, Ọ̀yọ́ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4 ìrọ̀lẹ́)

Mo kí gbogbo yín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, nítorí náà bí àṣìṣe bá wà, tirẹ̀ ni.

Télọ̀, ọ̀rọ̀ ọba Ussiah ló wá sí mi lọ́kàn, Kíróníkà Kejì, orí 26. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó jọba. Ó kọ́ ilé ìṣọ́, ó gbẹ́ kànga, ó fẹ́ràn iṣẹ́ oko, ó ní àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń ṣe ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Bíbélì ní a ràn án lọ́wọ́ lọ́nà ìyanu títí ó fi di alágbára. Ohun tó ṣubú lé e lórí, ẹ wò ó dáadáa: kò jalè, kò lọ sílé àgbèrè. Inú ilé Olúwa ló wọ̀, tùràrí ló mú dání, ìsìn ló fẹ́ ṣe! Àlùfáà ọgọ́rin bá Asariah, olórí wọn, wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n ní kì í ṣe tìrẹ. Ó bínú. Bó ṣe ń bínú lọ́wọ́ ni ẹ̀tẹ̀ yọ sí i níwájú orí, níbi tí kò lè fi aṣọ bò. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, lọ́dọọdún ni mo máa ń ka orí yẹn ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe àyájọ́ mi, kí n tó wọ aṣọ tí wọ́n bá rán fún mi.

Nípa òwe, má fi òwe sílẹ̀. Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o máa tú u ní ṣákálá. Èmi ò sí lára wọn. Yorùbá tí kò ní òwe, ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ ni, àwọn ìyá ò sì ní í gbé e mì. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni èyí: lọ bá ìyá opó yẹn láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ Àìkú, bi í pé kí ni ìwàásù dá lé. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ Jésù fún ọ, òwe rẹ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ òwe rẹ ló sọ, o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìwé ogójì ewé rẹ yẹn rán mi létí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí. Wọ́n mú un lẹ́rú ní 1821, ó di àlùfáà ní 1843, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó tú Bíbélì. Ohun tí a kì í sọ ni pé ó ti ń kó ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá jọ fún ọdún mọ́kànlá, ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ni ilé rẹ̀ ní Èkó bá gbiná. Gbogbo rẹ̀ jóná. Ó sọ pé ìyẹn dun òun ju ohun yòókù tó bá iná lọ. Kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òun nìkan kọ́ ló tú Bíbélì náà pẹ̀lú: Thomas King, àlùfáà bíi tirẹ̀, bá a tú nínú rẹ̀ kí King tó kú, àwọn mìíràn náà fọwọ́ kún un, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Nínú ẹsẹ tí a ń kà láràárọ̀, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbólóhùn yìí, ti Crowther ni, tọ̀hún, ti King ni?

Ọmọ-ọmọ mi ní ọwọ́ ti ń ro òun. Ó dàárọ̀.

TísàKatsina (ọjọ́rú, aago 1 ọ̀sán)

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Katsina ni mo ti sìnrú ìlú, mo sì pẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ àjàgà, ẹ ti rí i rí? Ní ilẹ̀ wa níbí, ọkọ́ la fi ń ro oko, torí náà ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni àjàgà jẹ́ fún wa. Lọ́hùn-ún, mo rí i lójú ara mi: igi gbọọrọ kan tí wọ́n gbé lé ọrùn màlúù méjì, wọ́n so ó, irin tó ń tú ilẹ̀ wà lẹ́yìn. Ẹni tí mo gbé nílé rẹ̀ sọ fún mi pé òun kì í so èwe méjì pọ̀. Èyí tó ti mọ iṣẹ́ lòun ń so mọ́ èyí tó ń kọ́ ọ. Bí àgbà bá ń sáré kí wọ́n lè rí i pé ó lágbára, ọrùn èwe á bó, poro náà á sì wọ́. Mo rí poro tó wọ́. Ó rí bí ẹni tó mu ẹmu.

Mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ.

Télọ̀Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́ (ọjọ́ Àìkú, aago 5 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Lọ́jọ́bọ̀ mo lọ bá ìyá opó náà gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Mo ní, "Ìyá, kí ni ìwàásù ọjọ́ Àìkú dá lé?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò wá ra ẹyin o!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kí wá ni pásítọ̀ sọ. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń bèèrè, ó ní, "Ṣebí ìwọ lo wàásù?" Bàbá, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní Sátidé mo múra láti lọ Under-G. Ìyàwó mi ní kí n má lọ lọ́wọ́ òfo, ó ní kí n ra nǹkan dání, kí n má ṣáà ra ẹyin. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá mi ṣàwàdà nìyẹn láti ọjọ́ náà. Mo ra búrẹ́dì, mo sì ra mángòrò, àsìkò rẹ̀ la wà. Ọmọ náà jáde wá bá mi níwájú ilé tí wọ́n ń gbé, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo ní kó dìde, pé èmi ni mo wá tọrọ àforíjì.

Mo rò pé ẹ̀rín ìjọ ló dùn ún. Ó ní rárá. Ó ní òun mọ "àjàgà" tẹ́lẹ̀. Lálẹ́ Sátidé òun ti ka orí náà ní Yorùbá lẹ́ẹ̀mẹta, òun tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ni mò ń wò kí n lè mọ̀ bóyá mò ń ṣe é dáadáa. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí n tó ṣì í."

Mi ò mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù láti àná, mò ń gbìyànjú láti rántí bí ojú mi ṣe rí nígbà náà, mi ò rántí. Ó ní òun dárí jì mí. Nípa máíìkì, ó ní òun á ronú sí i. Mi ò fi ipá mú un.

Mo sọ fún pásítọ̀ pé mo fẹ́ tọrọ àforíjì níwájú ìjọ. Mo ti ń wo máíìkì bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, "Níbi tí ẹ ti pariwo ni kí ẹ ti sọ ọ́. Ẹ má gba máíìkì." Nítorí náà láàárọ̀ yìí, mo dìde ní ìjókòó iwájú, mo sọ pé mo fi arábìnrin wa ṣẹ̀sín, pé ó dùn mí, pé kó forí jì mí. Kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Òwe kan ń yọ́ bọ̀ lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá ní "Ọlọ́run á gbé ọ ga." Ìyá Áltò, ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún: ó dùn mọ́ mi.

Ọmọ náà wá. Ẹ̀yìn ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ń jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé òwe yín yẹn, ṣé mo lè yá a?" Mo ní mà á mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo fẹ́ mú un wá.

Ìyá Áltò, Òkèlérin (ọjọ́ Àìkú, aago 6 ìrọ̀lẹ́)

Kó má dùn mọ́ ọ kẹ̀? Ṣé òkúta ni ọ́ ni? Mú ìwé náà lọ fún ọmọ ọlọ́mọ. Kí o ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ o, kó má lọ rí bíi ti Crowther.

Ta ló mú máíìkì tí kò ní wáyà lónìí?

Télọ̀Ajílété, Ògbómọ̀ṣọ́ (ọjọ́ Àìkú, aago 6 kọjá)

Pásítọ̀ ni, mà. Ó rìn dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì pátápátá, ó ń wàásù lọ, inú rẹ̀ ń dùn. Èmi dúró sójú kan. Wáyà náà ká mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.